Ayétòrò Etí Òkun: Ìjọ Tó Kúrò Láàrin Ayé

Nínú kíláàsì ìtàn ìjọ tí mo ń kọ́ ní Ẹgàn, ìdáhùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́ bí mo bá béèrè ohun tó yẹ kí ìjọ ṣe nípa ipò tí Nàìjíríà wà. Àwọn kan á ní kò sí nǹkan tó kù láti ṣe, ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí Olúwa ṣáà máa bọ̀. Àwọn yòókù á ní kí ìjọ ra ilẹ̀, kí ó mọ odi yí i ká, kí ó ní iná tirẹ̀, omi tirẹ̀ àti ilé ìwé tirẹ̀. N kò fi ìkankan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìgàndò láti aago márùn-ún ìdájí mọ ohun tó ń lé ènìyàn lọ sẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún wọn pé àwọn kan ti gbìyànjú èkejì yẹn rí, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn.

Ayétòrò wà létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn apẹja tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947. Wọ́n ń ṣe inúnibíni sí wọn nítorí pé wọ́n kẹ̀yìn sí òrìṣà, wọ́n sì ń wàásù tako ìbọ̀rìṣà. Wọ́n kó lọ sí etíkun, wọ́n kọ́lé sórí òpó igi nínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n fi pákó ṣe títì. Wọ́n ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì àti ìkẹrin, wọ́n sì gbà á bó ṣe wà: ohun gbogbo di ti gbogbo wọn. Inú àpò kan ni owó ẹja ń wọ̀, inú àpò náà ni wọ́n ti ń bọ́ ará ìlú tí wọ́n sì ti ń daṣọ bò wọ́n.

Ó sì yọrí sí rere. Kí ogún ọdún tó pé, wọ́n ti ní iná mànàmáná, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ilé ìhunṣọ, ilé iṣẹ́ bàtà àti ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí òkùnkùn ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ìlú orí ilẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett láti Kánádà gbé ibẹ̀ ṣe ìwádìí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1977. Ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́, ó pè é ní Olowo. Bí Yorùbá bá gbọ́ ọ, yóò rẹ́rìn-ín! Àmọ́ ìdìde àti ìṣubú ni àkọlé ìwé náà ń sọ.

Ìṣubú yẹn ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ kà. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àpò kan náà tú, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò tirẹ̀, iṣẹ́ ìlú sì rẹ̀yìn. Ó rọrùn fún oníwàásù láti sọ pé ojúkòkòrò ló fà á. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó tẹ ìlú dó ti jìyà nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Fún wọn, ibi ìsádi ni Ayétòrò. Ọmọ tí a bí sínú iná mànàmáná kò mọ ohun tí a sá fún. Ìtura nìkan ni ó bá nílẹ̀.

Lónìí òkun ń jẹ ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ilé ti wọ omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ti jáde léraléra láti ké pe ìjọba. N kò rí ìtìjú kankan nínú igbe yẹn. Ohun tó kọjá agbára ìlú kan ni.

Mo máa ń fi Ìjẹ̀bú-Òde sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn yìí. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, wọ́n ti ilé ìsìn pa, ẹ̀rù sì ba gbogbo ènìyàn. Joseph Shadare àti àwọn ará díẹ̀ kó ara wọn jọ fún àdúrà. Sophia Odunlami, olùkọ́ tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wà lára wọn. Láti inú Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye yìí ni ọ̀nà ti là dé ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà ní 1930, níbi tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti wàásù. Gbangba ni ìsọjí yẹn wà. Àwọn aláìsàn ń rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn, a kò sì béèrè ìjọ tí ẹnikẹ́ni ti wá. Ìrètí wà, ilẹ̀kùn sì ṣí.

Ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ní ìjọ tí mo ń bójú tó, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láìpẹ́ yìí, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹnu ẹ̀rọ omi: ṣé inú ọgbà ni yóò wà, àbí a óò na ọ̀kan jáde sí ara odi fún àdúgbò? Ìyá àgbà kan ní kí a na án jáde. Díákónì kan ní ta ni yóò máa san owó epo jẹnẹrétọ̀? Ìbéèrè gidi ni, nítorí epo wọ́n. Mo ka Jeremáyà orí kọkàndínlọ́gbọ̀n fún wọn, lẹ́tà tí wòlíì kọ sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin oko, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ. Díákónì náà gbọ́ ọ dáadáa, ó sì tún béèrè owó epo. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a óò jọ ṣírò rẹ̀.