Ojú Kẹta Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn

Lọ́dún 2002, Matrox, ilé-iṣẹ́ ará Kánádà, gbé káàdì àwòrán Parhelia jáde: géèmù kan, mónítọ̀ mẹ́ta. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n agbára káàdì kò gbé e. Géèmù ń wọ́ bí ìgbín.

Ilé-iṣẹ́ ATI tún gbé èrò náà dìde pẹ̀lú Eyefinity lórí káàdì Radeon HD 5870, ní oṣù kẹsàn-án 2009. Wàhálà mìíràn dé. Èèyàn á ki wáyà HDMI kan àti DVI méjì bọ ẹ̀yìn káàdì, mónítọ̀ méjì á tàn, ìkẹta á dúdú kirikiri. Wọ́n á pààrọ̀ wáyà, wọ́n á pààrọ̀ mónítọ̀, pàbó ni. Inú káàdì lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ wà: HDMI tàbí DVI kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ aago tirẹ̀ tí yóò máa darí àwòrán, aago méjì péré ló sì wà níbẹ̀. DisplayPort ni kò nílò irú rẹ̀. Ẹni tí mónítọ̀ rẹ̀ kò ní in gbọ́dọ̀ ra ádápítà tó ń fúnra rẹ̀ yí àmì padà. Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú kò wúlò níbí.



Nvidia ní tirẹ̀, lọ́dún 2010, ní kí oníbàárà ra káàdì méjì kó tó lè fi mónítọ̀ mẹ́ta ta géèmù. Ó di 2012 kí GTX 680 tó fi ẹyọ kan ṣe é.