Tòkunbọ̀ Tó Ń Kẹ́rù Nílẹ̀ Ìkálẹ̀
Ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó Ìkálẹ̀. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ló ń pa á. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá gba ẹyìn àti gẹdú lórí àwọn alárù Òkìtìpupa.

Ní April 2, 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Àlòkù Ìlú Ọba kò bá ọ̀nà wa mu mọ́. Nígbà tó yá, ti Jámánì ń gba Kútọnu wọlé, a sì fún un lórúkọ ọmọ tí a bí sókè òkun: Tòkunbọ̀.

Mercedes 911 alo-dísẹ́ẹ̀lì ni àwọn awakọ̀ àgbà ń yìn fún wa. Kò ní kọ̀ǹpútà. Mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè tú u. Ṣùgbọ́n kí o tó sanwó, fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tàn án dè ọ́. Bí èéfín rẹ̀ bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bàbá ọ̀kan nínú wa kò fọwọ́ kàn án. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún kan bá a lọ.