Níbo Ni Ará Ìkẹjà àti Agége Ti Lè Rí Dókítà Tó Máa Kọ Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀?

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ lójú ọ̀nà Ọba Akran, ní Ọgbà tàbí ní Orẹ́gùn mọ ìgbà tí ẹ̀yìn bá ń ro ó, ó sì mọ ìgbà tí ibà bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cholesterol, kì í roni, kì í sì í gbóná lára. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà á fi dí. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà dé ọkàn tàbí ọpọlọ mọ́ ni ìkọlù ọkàn tàbí àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń dé. Ẹni tó ń bọ́ ilé lè ti ibẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń bọ́.

Oògùn wà fún un. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni àwọn oògùn tí à ń pè ní statin: atorvastatin, rosuvastatin àti simvastatin wà lára wọn. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń dín ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù. Onímọ̀ ará Japan kan, Akira Endo, ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní àárín ọdún 1970 sí 1979. Ní 1987 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lovastatin, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún aláìsàn níbẹ̀. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni, kì í ṣe ohun tí a ń rà nínú ọkọ̀.

Ta ló yẹ kó lọ rí dókítà?

Ẹ má ṣe dúró de àmì àìsàn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò bí ẹ bá ti lé ní 40 ọdún, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀. Ẹni tí ọ̀kan nínú àrùn méjèèjì ti kọlù rí kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ statin falẹ̀ rárá.

Níbo ni ká lọ?

Ilé ìlera alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó sún mọ́ ilé jù. Wọ́n lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ síwájú. Kì í ṣe gbogbo wọn ni dókítà máa ń wà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí dókítà ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀. Ó wà ní Ọ̀rílé Agége, ó sì wà ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Dókítà tó ń rí aláìsàn gbogbogbòò níbẹ̀ lè kọ statin fúnni. Kò dìgbà tí a bá rí ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọkàn.

Ní Ìkẹjà, LASUTH ló wà fún ọ̀ràn tó bá le. Ilé ìlera kékeré ni nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ dá a sílẹ̀ ní 1955. Ó di ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ mọ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kó gba ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọsibítù aládàáni, ẹ wò ó bóyá ó ní ìwé àṣẹ HEFAMAA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàbójútó ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí, IMAN, náà máa ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí mọ́sálásí yín béèrè lọ́wọ́ wọn. Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ dára, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni: ẹ mú èsì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ẹ máa lè padà bá.

Ta ló máa sanwó?

Òṣìṣẹ́ tó ní káàdì HMO gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ọsibítù tó wà lórí káàdì rẹ̀, kó sì lọ síbẹ̀ kọ́kọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san owó oògùn tí à ń lò lójoojúmọ́, nítorí pé ètò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera tí ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀. Òfin NHIA ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀yin tí ilé iṣẹ́ yín kò tíì ṣe é, ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù béèrè.

Kí ni ká mú dání?

Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tó fi mọ́ àgbo. Ẹ sọ fún dókítà bí oyún bá wà, bí ẹ bá ń fẹ́ lóyún, tàbí bí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú, nítorí wọn kì í sábà fún aláboyún ní statin. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ má jẹun fún wákàtí 9 sí 12 kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

Èsì àyẹ̀wò máa ń ní nọ́ńbà mẹ́rin. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àpapọ̀ cholesterol dára bí kò bá tó 200 mg/dL. LDL, ọ̀rá burúkú, dára bí kò bá tó 100. HDL, ọ̀rá rere, yẹ kó lé ní 40 fún ọkùnrin àti 50 fún obìnrin. Triglyceride kò yẹ kó tó 150. Dókítà kì í fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣèdájọ́: ó máa ń wo ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà pọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tí LDL rẹ̀ bá tó 190 sókè sábà máa ń nílò oògùn.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì

Neimeth wà ní Orẹ́gùn, Swipha sì wà ní Agége, ilé iṣẹ́ oògùn ni àwọn méjèèjì. Oògùn kò jìnnà sí wa, ohun tó máa ń jìnnà ni ẹni tó yẹ kó fúnni. Kẹ́míìsì kékeré kò ní àṣẹ láti ta statin. Ilé oògùn tí apòògùn tó forúkọ sílẹ̀ wà ni kí ẹ mú ìwé dókítà lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Bí owó bá wọ́n, ẹ béèrè èyí tí kì í ṣe ti orúkọ ńlá: bí oògùn inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Ààwẹ̀ àti iṣẹ́ alẹ́

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni à ń lo statin, nítorí náà ó bá ààwẹ̀ Ramadan mu. Ẹ lè lò ó lẹ́yìn ìṣínu tàbí nígbà sààrì. Alẹ́ ni simvastatin dára jù. Atorvastatin àti rosuvastatin kò ní wákàtí kan pàtó, èyí sì rọrùn fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Bí ẹ bá jẹ sààrì ní aago 4:30, ẹ lè lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò ní aago 2 ọ̀sán láìtún fi ebi pa ara yín ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn sọ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ bi Alfa yín fún ìfọ̀kànbalẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ padà fún àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12. Bí ara bá ń ro yín gan-an láìnídìí, tàbí tí ìtọ̀ bá dúdú, ẹ yára lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ pé ẹ ń lo statin kí wọ́n tó kọ oògùn mìíràn bíi clarithromycin fún yín. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé èsì dára: oògùn ló mú un dára. Ẹ dín ẹran ọlọ́ràá láti Oko-Ọba kù, pàápàá lẹ́yìn Iléyá, kí ẹ sì máa rìn.

Ànábì wa (ṣ.a.w.) kọ́ wa pé kí a máa wá ìwòsàn. Wíwá dókítà kò tako gbígbẹ́kẹ̀lé Allāh. Kí Allāh fún wa ní àlàáfíà. Àmín.