Gnonnas Pedro Kò Lọ Gba Ogún Bàbá Wa Padà

Níbi ìsìnkú àgbà kan ní Takon, lábẹ́ Sakété ní Benin, ni mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti jẹun tán, ọmọkùnrin tó ń fi orin sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé "Yiri Yiri Boum" ti Gnonnas Pedro sí i. Àwọn àgbà tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì láti ọ̀sán, tí orúnkún ń dùn wọ́n, gbá ọ̀pá wọn mú, wọ́n dìde. Bàbá tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ò ń gbọ́ orin yẹn? Tiwa ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e dé Kúbà, Gnonnas ló lọ gbà á padà fún wa." Mo ní, "Mo ń gbọ́ yín, bàbá." N kò lè bá àgbà jiyàn níbi tí wọ́n ti ń sin òkú. Ìjiyàn náà ni mo wá ṣe níbí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Sakété, mo gbọ́ ọ ní Pobè, mo gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò níhà méjèèjì ẹnubodè Benin àti Nàìjíríà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé orin Yorùbá ni salsa, irú orin tí Gnonnas ń kọ yìí, láti ìpìlẹ̀. Ó bá ọkọ̀ ẹrú lọ, ó sì bá àwo rẹ́kọ́ọ̀dù padà wálé. Ó dùn létí. Ó tún ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti já. Àmọ́ ìtàn náà kò tọ̀nà, ẹni tó sì ń rẹ́ jẹ jù ni Gnonnas Pedro fúnra rẹ̀.

Ọmọ Lokossa ni, ní ẹkùn Mono, nítòsí Togo. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1943 ni wọ́n bí i. Ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá Benin. Èdè Adja àti Mina ló fi kọ púpọ̀ nínú orin rẹ̀, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sì ń jẹ́ Dadjès. Ó kọ orin ní Yorùbá pẹ̀lú, "Fẹ̀sọ̀ Jayé" sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ó kọ ní Faransé, ó kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ní Spáníìṣì. Tèmi ni pé ọgbọ́n olórin tó mọ ọjà rẹ̀ lèyí: ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jó sí orin òun ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́, ní Lomé àti ní Èkó kò lè jókòó sórí èdè kan ṣoṣo. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló ń pe orin Kúbà sí i lára.

Báwo wá ni orin Kúbà ṣe dé etí irú rẹ̀? Ọjà ló gbé e dé, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1933, ilé-iṣẹ́ gìrámafóònù àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àwo kan tí wọ́n fi lẹ́tà GV sàmì sí, wọ́n sì ń kó wọn wá tà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orin Kúbà ló kún inú wọn, "El Manisero" tí Don Azpiazú gbà sílẹ̀ ní New York ní 1930 sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Àwọn àwo yìí gba èbúté wọlé, wọ́n dé ilé ọtí, wọ́n dé ilé akọ̀wé tó ní gìrámafóònù. Láti Dakar títí dé Léopoldville, tó ń jẹ́ Kinshasa lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ Spáníìṣì tí wọn kò gbọ́, wọ́n ń fara wé ohùn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fara wé àgbà.

Ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ pé orin Yorùbá ló padà wálé, ilẹ̀ Yorùbá ni ì bá ti fìdí múlẹ̀ jù. Kì í ṣe pé Èkó àti Ìbàdàn kò gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n jùjú, sákárà, àpàlà àti háíláìfù ni wọ́n fi ṣe ayẹyẹ. Ilẹ̀ Kóńgò ló gba orin Kúbà mọ́ra tó sọ ọ́ di tirẹ̀ pátápátá, débi pé nígbà tí wọ́n ń dúnàádúrà òmìnira wọn ní 1960, "Indépendance Cha Cha" ni Joseph Kabasele àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, African Jazz, fi kéde rẹ̀. Cha-cha ti Kúbà, lẹ́nu ọmọ Kóńgò, ní àsìkò òmìnira. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé orin kan mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Ohun tó jẹ́ tiwa ní Kúbà pọ̀, mo sì fẹ́ kí á dárúkọ rẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀wọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe ń jiyàn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ túká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun kó àwọn èèyàn wa lọ́pọ̀lọpọ̀; wọ́n gba Wìdà, Àgbádárìgì, Èkó àti Àjàṣẹ́ kọjá sórí òkun. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ìtàn tí àwọn onílù Kúbà ń sọ ni pé àwọn ọmọ Áfíríkà méjì, Añabí àti Atandá, ló gbẹ́ àwọn bàtá àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sí mímọ́ níbẹ̀ bí ó ti yẹ, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹ gbọ́ orúkọ wọn: Àyànbí. Àtàndá. Añá ni wọ́n ń pe ohun tó ń gbé inú ìlù náà títí dòní, Àyàn tiwa náà ni. Ìlù tó tóbi jù nínú mẹ́ta, iyá ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Mo mọ onílù kan lágbègbè wa tó sunkún nígbà tí mo sọ èyí fún un.

Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ya bàtá náà sí mímọ́, kì í jáde. Ilé òrìṣà ni wọ́n ti ń lù ú, ẹni tí wọn kò bá ṣe ètùtù fún kì í fọwọ́ kàn án. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Fernando Ortiz mú Pablo Roche àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti lu bàtá níwájú àwùjọ ní Havana, ìròyìn ńlá ni, torí pé gbogbo ènìyàn kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Nígbà yẹn, orin ijó tí wọ́n ń pè ní son ti gba gbogbo ìlú kan. Ìlù tí òfin rẹ̀ kò jẹ́ kó dé ilé ọtí, báwo ló ṣe máa jẹ́ ìyá orin ilé ọtí?

Son wá láti ìlà-oòrùn Kúbà. Gìtá àwọn Spáníìṣì wà nínú rẹ̀, orin wọn pẹ̀lú. Marímbula, àpótí tí wọ́n ń fọwọ́ ta ahọ́n irin rẹ̀ kó lè dún, láti ilẹ̀ Kóńgò ni. Ìlù gíga tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán lù, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kóńgà, orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́rìí sí ọ̀nà tó gbà wá. Arsenio Rodríguez, afọ́jú tó ń ta tres, irú gìtá Kúbà kan, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kóńgò, ló fi kóńgà kún ẹgbẹ́ olórin son ní nǹkan bí 1940, ibẹ̀ sì ni ohùn tí salsa jogún ti le. Ẹni tó bá mọ ìlù dáadáa á ní kí n rántí kónkóló, ìlànà ìró agogo tiwa, pé clave tí wọ́n ń fi igi méjì lù jọ ọ́. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ó jọ ti Ewe, ó jọ ti Akan, ó jọ ti Kóńgò. Kò sí ẹ̀yà kan tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló ni ín.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí orin tí àwọn àgbà Takon dìde sí. Gnonnas Pedro kọ́ ló kọ "Yiri Yiri Boum". Silvestre Méndez, onílù ọmọ Kúbà tó lọ gbé Mẹ́síkò, ló kọ ọ́. Beny Moré, olórin ọmọ Kúbà, ló fi ohùn rẹ̀ gbé e dé etí ayé. Beny Moré sì rèé, wọ́n bí i ní 1919 ní ìlú Santa Isabel de las Lajas, níbi tí ilé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kóńgò wà. Ìdílé rẹ̀ gbà pé àwọn ti wá láti Kóńgò, inú ilé ẹgbẹ́ yẹn ló sì ti kọ́ ìlù ní kékeré. Orin tí bàbá yẹn fi ọwọ́ kàn mí léjìká lé lórí, tó ní ogún Yorùbá ni, ọmọ ìran Kóńgò ló sọ ọ́ di olókìkí kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ Mono.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ ká máa fi Gnonnas yangàn lé lórí kò sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ. Agbadja ni. Ìlù àti ijó àwọn èèyàn ìhà Mono àti Togo ni agbadja, wọ́n ń jó o níbi òkú, wọ́n ń jó o níbi ayẹyẹ. Gnonnas gbé e lé gìtá, ó fi fèrè sí i, ó mú ohun tí etí rẹ̀ ti kọ́ lára àwo Kúbà kún un, ó sì sọ agbadja di orin ìgboro tí èèyàn lè fi aṣọ ìgbàlódé jó lábẹ́ iná mànàmáná. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Bí a bá ní ogún baba wa ló kàn lọ gbà padà, a ti sọ ọ́ di arẹrù, ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù láti èbúté wá sílé.

Ọ̀ràn Africando náà jẹ́rìí sí i. Ibrahima Sylla, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl tó ń gbé orin jáde, àti Boncana Maïga ọmọ Málì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí wọ́n kó àwọn olórin Sẹ̀nẹ̀gàl mọ́ àwọn onílù àti afunfèrè salsa ti New York. Maïga kò jogún orin Kúbà lọ́wọ́ baba ńlá kankan. Ìjọba Málì ló rán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Havana ní àwọn ọdún 1960 láti lọ kọ́ ọ, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí Pape Seck, ọ̀kan nínú àwọn olórin ẹgbẹ́ náà, kú ní 1995, Gnonnas ni wọ́n pè. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọn kò pè é nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Wọ́n pè é nítorí pé ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Inú ẹgbẹ́ yẹn ló wà títí tó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2004.

Àwọn ọ̀dọ́ Takon kì í jó salsa mọ́. Réggaeton ló wà nínú fóònù wọn, ìtàn kan náà ni wọ́n sì ń sọ nípa rẹ̀, pé ìlù wa ni Puerto Rico jí gbé. Ọ̀nà tí ìlù yẹn gbà kò fara sin. Ní Jàmáíkà, Steely àti Clevie ṣe ìlù kan ní 1989 tí wọ́n pè ní Fish Market. Shabba Ranks fi irú ìlù náà kọ "Dem Bow" ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Panama tí bàbá ńlá wọn wá láti Jàmáíkà àti Barbados wá gbẹ́ odò tí ọkọ̀ ńlá ń gbà kọjá níbẹ̀ ti ń fi Spáníìṣì kọ irú orin bẹ́ẹ̀, El General nínú wọn. New York gbà á, Puerto Rico gbà á. Ní 2021, iléeṣẹ́ Steely àti Clevie gbé ọ̀rọ̀ ìlù yẹn lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, àwọn olórin réggaeton tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì wá di olùjẹ́jọ́. Kí la máa sọ fún àwọn ará Jàmáíkà, pé kí wọ́n yé du ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, torí pé tiwa ni?

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí Áfíríkà kan náà ni gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn fún ẹni tó ń gba nǹkan. Bí àwọn ará Kinshasa bá dìde lọ́la pé àwọn ló ni bàtá, ṣé ẹni tó ń jẹ́ Àyàn ní Pobè á rẹ́rìn-ín? Odò Wẹ̀mẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, Okpara ṣàn wọ inú rẹ̀, Zou ṣàn wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bu omi rẹ̀ nísàlẹ̀ kó ní ti Okpara nìkan ni. Àwọn ará Alada àti àyíká rẹ̀ pàápàá, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn Ègùn tó ń bá wa gbé, dé Kúbà. Arará ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ìlù wọn ṣì ń dún ní ẹkùn Matanzas. Nínú gbogbo ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn ogún yìí, n kò gbọ́ orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ọmọkùnrin tó ń fi orin sí ẹ̀rọ ní Takon àti sí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ lórí rédíò wa. Bí ẹ bá tún gbé "Yiri Yiri Boum" sí i, tí àwọn bàbá wa sì ń wá ọ̀pá wọn láti dìde, ẹ gba gbohùngbohùn, kí ẹ dárúkọ Silvestre Méndez ọmọ Kúbà, kí ẹ dárúkọ Beny Moré ọmọ ìran Kóńgò, kí ẹ tó wá dárúkọ Gnonnas Pedro ọmọ Lokossa. Bí orin náà bá tán, ẹ fi agbadja rẹ̀ kan tẹ̀ lé e.