Òrùlé Bẹẹrẹ: Ilé Alámọ̀ àti Àjọṣe Ọba pẹ̀lú Ará Ìlú ní Ilẹ̀ Ọ̀yọ́

Bí ènìyàn bá dúró ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, páànù ni ojú rẹ̀ yóò máa rí lórí ilé. Àwọn kan a sì máa wí pé, níwọ̀n bí amọ̀ àti koríko kì í ti í pẹ́ bàjẹ́, ilé àtijọ́ wa kò ní ìtàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àgbẹ̀ tí a fi òkúta kọ́ lè lò ju 300 ọdún lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òkúta ń ṣe fún ilé tiwọn, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe é fún tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo agbo ilé. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri rẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbẹ, wọn a gbé òmíràn lé e. Àwọn yàrá kọjú sí àgbàlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn, níbi tí àwọn àgbà ti ń parí ìjà. Ti ààfin yàtọ̀: ó ní kọ̀bì, òrùlé tí ó yọ síwájú lórí òpó, tí í ṣe àmì ọlá. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, sọ pé òpó idẹ ni Aláàfin Aganjú fi ṣe ààfin Ọ̀yọ́-Ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà, tí ó wàjà ní 1859, sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun, kọ̀bì bá wọn dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, koríko ni ó bo gbogbo ọlá yìí. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ìlú tí ó bá ru tirẹ̀ wá ti jẹ́wọ́ pé òun ṣì ń sìn. Ọba náà sì mọ̀ pé bí wọn kò bá wá, òjò yóò wọlé bá òun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Páànù kò burú. Iná kì í tètè ràn án, abẹ́ rẹ̀ ni èmi náà sì ń sùn. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń rà á, kò sì di dandan kí a pe ẹnikẹ́ni jọ. Nítorí náà, bí a bá ń tọ́jú ògiri àti òpó tí ó kù, kí a má gbàgbé láti bi àwọn àgbà bí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ òrùlé láàárín ìdílé àti ìlú, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.