Eku Inú Ilé, Eku Inú Ẹbọ: Ìtàn Ibà Lassa ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Bí àlejò bá jókòó ti babaláwo lásìkò ọdún, tí ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ohun ẹbọ, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ eku. Eku àti ẹja ni ó jọ máa ń rìn nínú ẹsẹ Ifá. Ẹni tí ń tọrọ ọmọ ń wá a, ẹni tí ń dúpẹ́ ń wá a. Ní ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ̀n, títí kan Arimogija àti àwọn ìlú yòókù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ tí ó bá Ìpínlẹ̀ Ẹdó pààlà, àwọn oníṣègùn òyìnbó náà ń dárúkọ eku ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìkìlọ̀ ni tiwọn. Ìtàn bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe pàdé ní agbègbè kan náà yẹ ní mímọ̀ fún ẹni tí yóò ṣọdún.

Kí ibà Lassa tó ní orúkọ, àrùn tí ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rù jù ni èyí tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ. Ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, nítorí ẹ̀rù Ṣọ̀pọ̀ná. Ẹni tí ó bá pa, àwọn awo rẹ̀ ló ń sin ín, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù òkú lọ. Ọgbọ́n ńlá wà nínú àṣà yìí, nítorí pé ó ń mú kí ẹbí jìnnà sí òkú àti aṣọ rẹ̀. Àmọ́ ó tún ṣílẹ̀kùn fún ọ̀dájú. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Sierra Leone ní ọdún 1861, wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ìkọ̀kọ̀, ó sì jáde wá sọ pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi èépá ara aláìsàn tan àrùn náà kálẹ̀. Ìjọba amúnisìn fòfin de ẹgbẹ́ náà. Òfin ọ̀hún kó olóòótọ́ awo mọ́ ọ̀dájú, a sì lè sọ pé ìmọ̀ ìyàsọ́tọ̀ aláìsàn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn awo bá a lọ. Àjẹsára ni ó lé ìgbóná lọ níkẹyìn: ọdún 1970 ni Nàìjíríà rí aláìsàn rẹ̀ ìkẹyìn, ní oṣù Èbìbí ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.

Ìgbóná máa ń fara hàn lójú aláìsàn. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ibà Lassa kò rí bẹ́ẹ̀. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì àti àárẹ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní kọ́kọ́ pè é ní ibà ẹ̀fọn. Nǹkan bí ẹni 80 nínú 100 tí ó kó o ni kì í rí ju àìsàn díẹ̀ lọ. Ara àwọn tó kù ni ó ti ń le, tí ẹ̀jẹ̀ fi lè máa dà ní ẹnu tàbí imú. Lára àwọn tí ó yè, ọ̀pọ̀ ni etí wọn ń di. Ti àwọn kan ń là lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ti àwọn kan kì í là mọ́ títí ayé.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1969 ni Laura Wine, nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Lassa tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ kú. Lily Pinneo tí ó tọ́jú Shaw ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, òun sì yè. Ní Ifásitì Yale, Jordi Casals tí ń wá kòkòrò àìfojúrí náà kó àrùn ọ̀hún. Omi ara inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, ó sì là á já. Ọdún 1972 ni wọ́n rí kòkòrò náà lára eku ní Sierra Leone. Eku yìí, Mastomys natalensis, ni eku ọlọ́mú púpọ̀. Ó ń bí púpọ̀, ilé àti oko ni ó sì ń gbé.

Ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ẹni 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní i ní Nàìjíríà lọ́dún náà; Ẹdó, Oǹdó àti Ebonyi ni ó sì ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ọdún 2018 sí 2020, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ àti àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Faransé tọpa aláìsàn 510. Nǹkan bí ẹni 12 nínú 100 ló kú. Ìwádìí mìíràn tún wà tí ó yẹ kí gbogbo ilé gbọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ìran kòkòrò náà wò lára àwọn aláìsàn ọdún 2018, wọ́n rí i pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti wá. Èyí já sí pé eku ni ó kó o ran ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní ilé tàbí oko tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà lè ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìtọ̀, pàápàá níbi ìtọ́jú.

Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó ń gbé e dé inú oúnjẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná bá ti jó igbó, tí ìkórè sì ti wọlé, eku a tẹ̀ lé oúnjẹ wá sílé. Gààrí tí a sá sí ojú títì tàbí tí a fi sílẹ̀ láìdé, ìyẹ̀fun nínú àpò tó ti ya, ìdọ̀tí tí a kó sí ẹ̀yìnkùlé: ilé oúnjẹ eku ni gbogbo rẹ̀. Ìkòkò tàbí ike tí ó ní ìdérí tó le, ihò ògiri tí a dí, ológbò nínú ilé. Kò sí èyí tí àwọn ìyá àgbà kò mọ̀ nínú wọn. Àjẹsára tí ìjọba ti fọwọ́ sí ni kò tíì sí.

Eku ẹbọ wá ńkọ́? Àwọn kan máa ń sọ pé eku inú ilé ni oníṣègùn ń bá wí, pé eku igbó kò sí nínú ọ̀rọ̀. Èyí kò dúró mọ́. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀, tí àwọn ará Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, kéde pé àwọn rí kòkòrò náà lára Hylomyscus pamfi, eku igbó, ní Nàìjíríà. Ọwọ́ ẹni tí ń dẹ eku, tí ń pa á, tí ń bó o, ni ewu ti pọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tútù. Iná ń pa kòkòrò náà. Nítorí náà ewu eku tí ó ti gbẹ dáadáa lórí iná kò tó ti eku tútù tí ọmọdé gbé wá láti inú pàkúté. Ìmọ̀ràn àwọn elétò ìlera ni pé kí a má fọwọ́ kan eku rárá, kí a má sì jẹ ẹ́. Ilé Ifá tí ó ṣì ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tí eku náà gbà wá, kí ó sì mú ọmọdé àti aboyún kúrò nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan babaláwo ju ti eku lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń kọ́kọ́ kàn bí ibà bá kọ̀ tí kò lọ. Ní ọdún 1986, àwọn oníṣègùn tí wọ́n lo oògùn ribavirin ní Sierra Leone ròyìn ohun tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn tí ara wọn ti le gan-an: nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́fà àìsàn tó pé, nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ni ó kú. Nínú àwọn tí wọ́n dé ní ọjọ́ keje tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́ 26 nínú 100.