Tíṣà Kékeré àti Nọ́ọ̀sì Aláìníwèé: Ìtàn Àwọn Tó Kọ́ṣẹ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

 

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n pè mí síbi fríìdọ́ọ̀mù kan. Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ló parí iṣẹ́ tó ń kọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní auxiliary. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n se ìrẹsì, a ya fọ́tò títí fóònù mi fi kú. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé náà lọ síbi tó ti fẹ́ ra fọ́ọ̀mù láti tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ ìlera. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó dá a padà fún un, ó ní, "WAEC yín dà?" Ẹ̀gbọ́n yìí mọ abẹ́rẹ́ í gún, ó mọ omi í fà síni lára, ó ti dúró ti aboyún lóru nígbà tí dókítà ò sí nílé. Ṣùgbọ́n lójú ìjọba, bí ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan rí ló rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá ń béèrè pé ṣé bó ṣe wà láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí? Mo kàwé díẹ̀, mo sì bá àwọn àgbà jókòó. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Àwọn tíṣà tó kọ́ àwọn bàbá wa níwèé, tí a ṣì ń fi orúkọ wọn búra títí di òní, ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi ni pé àkàsọ̀ kan wà níwájú wọn tí wọ́n lè gùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn míṣọ́nnárì. Ọmọ tó bá kàwé dé Standard Six nígbà náà, tó mọ̀wé, tí ìwà rẹ̀ sì tẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, òun ni wọ́n máa ń fi ṣe pupil teacher. Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, irùngbọ̀n ò tíì hù. Láàárọ̀, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni tirẹ̀: a, b, d, ìṣirò orí ìka, orin, ìmọ́tótó èékánná. Tí iléèwé bá ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ á wá di akẹ́kọ̀ọ́ níwájú hẹ́dímásítà. Ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́la sínú ìwé, kí hẹ́dímásítà wò ó. Tó bá kọ ọ́ ní jáujàu, á tún un kọ. Hẹ́dímásítà á tún wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa wò ó bó ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú, bó ṣe ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, bóyá ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ tó bá ń kọ̀wé sójú pátákó. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi ti télọ̀ tàbí alágbẹ̀dẹ náà ni.

Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, á ṣe ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lágbègbè wa ni Saint Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí àwọn CMS ṣí síbẹ̀ ní ọdún 1896. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1926 ló wá sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣe tíṣà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àtìgbà náà ni àkàsọ̀ ti wá ní àtẹ̀gùn tó hàn gbangba. Ẹni tó bá lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré á gba Grade Three. Á padà sẹ́nu iṣẹ́, á kọ́ àwọn ọmọ fúngbà díẹ̀, á tún lọ lo ọdún méjì mìíràn, á gba Grade Two. Iṣẹ́, ẹ̀kọ́, iṣẹ́, ẹ̀kọ́. Ìdánwò Grade Two ò sì mọ sórí ìwé nìkan. Olùyẹ̀wò máa ń wá wo tíṣà níwájú àwọn ọmọ ni. Ẹni tó bá pàdánù iṣẹ́ kan tàbí méjì nínú ìwé, wọ́n á ní ó gba "referred", á sì padà wá tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó lé e kúrò lórí àkàsọ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀ ní ọdún 1931, tí Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́, wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún wọn.

Àwọn ojúgbà mi máa ń fi Grade Two ṣẹ̀fẹ̀ lórí gúrúùpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ìwé tí àwọn bàbá yẹn fi ọwọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ká wo ẹni tí ojú máa tì.

Wàyí o, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ fojú inú wò ó: láàárín ọdún kan ṣoṣo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì! Ta ni yóò kọ́ wọn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílẹ̀ ò lè pèsè tíṣà tó bẹ́ẹ̀ láé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwèé mẹ́fà ni wọ́n kó wọlé, lẹ́yìn náà àwọn tó jáde ní iléèwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta. Gbogbo ìlú tó wà ní Ọ̀ṣun Division ìgbà náà, tí àwa Odò-Ọ̀tìn náà wà lábẹ́ rẹ̀, ló rí irú tíṣà bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dáa. Hẹ́dímásítà kan tó ní tíṣà kékeré méjì lábẹ́ rẹ̀ lè tọ́ wọn sọ́nà. Èyí tó ní mẹ́jọ ńkọ́? Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi ń ké pé àwọn ọmọ ò mọ̀wé tó ti tẹ́lẹ̀, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ ní 1960 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ tíṣà tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ni, ìlò lásán ni, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn auxiliary.

Àmọ́ ohun tí ìjọba ṣe ló wù mí. Wọn ò lé àwọn tíṣà náà lọ sílé. Wọ́n tún àtẹ̀gùn kún àkàsọ̀ ni. Ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ Ashby ní 1960 ló bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àgbà fún tíṣà, níbi tí NCE ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, irú ìṣòro 1955 tún dé, wọ́n sì dá NTI sílẹ̀ ní Kaduna lọ́dún náà kí tíṣà lè máa kàwé láì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tó ti fẹ̀yìntì. Ọmọ lẹ́yìn, ìwé lọ́wọ́, wọ́n á lọ ṣe sandwich nígbà tí iléèwé bá gba ọlidé. Mo mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Modern tó sì fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà pẹ̀lú dìgírì. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló fi gùn ún, ṣùgbọ́n kò sí àtẹ̀gùn tí wọ́n ti sọ fún un pé, "Ohun tí o ti ṣe bọ̀ ò wúlò."

Ní ti ilé ìwòsàn, inú wọ́ọ̀dù ni nọ́ọ̀sì náà ti ń kọ́ṣẹ́ láyé ọjọ́un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Kofoworola Abeni Pratt, ẹni tó di mátíróònù àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ní UCH Ìbàdàn, tíṣà ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ní 1946.

Nítòsí wa níbí, ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọdé ń kú nítorí èéyì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre-kánú, dókítà ò sì pọ̀. Ó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmèsí-Ilé. Nọ́ọ̀sì ló fà iṣẹ́ lé lọ́wọ́, kì í ṣe dókítà. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì sí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń gbé káàdì náà lọ sílé. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ ń le nìyẹn. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ìyá á ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Irú káàdì yẹn ti tàn ká gbogbo ayé. Gbogbo ẹ̀yin ìyá tó bá gbé ọmọ lọ síbi ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ Ìmèsí-Ilé wà lọ́wọ́ yín.

Láti inú irú èrò yìí, pé ẹni tí kì í ṣe dókítà lè gba ẹ̀mí là tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, ni Nàìjíríà ti wá ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí a ń pè ní CHEW. Olikoye Ransome-Kuti gbé ìlera alákọ̀ọ́kọ́ lárugẹ nígbà tó jẹ́ mínísítà, àwọn CHEW sì ní ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ láti 1992. Iléèwé wọn wà ní Iléṣà. Àwọn wọ̀nyí ní àkàsọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe auxiliary ò ní. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ò mọ̀ wọ́n rí. Mi ò bá àwọn onílé ìwòsàn aládàáni jà o, owó nọ́ọ̀sì tó níwèé pọ̀, aláìsàn wa ò sì lówó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọbìnrin wa kí wọ́n tó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin tó wà nílùú ọba, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sílé. Láàárín 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti Áfíríkà àti Karíbíánì tó lọ kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni wọ́n darí síbi ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tó ń fúnni ní SEN, dípò SRN tó jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ò mọ ìyàtọ̀ àfìgbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé, tí ìwé SEN ò sì fi bẹ́ẹ̀ níyì lọ́dọ̀ tiwa. Aṣọ funfun kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, ìwé ò rí bákan náà. Láti 1986 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ NVQ, níbi tí olùyẹ̀wò ti ń wá bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà jẹ́ ilé arúgbó tàbí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ló gba ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n wà lónìí. Nígbà tí wọ́n ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ní 2022, àwọn kan ta ilẹ̀ lọ. Oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà fún ẹni tó bá fẹ́ wá láti òkèèrè. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín ṣe físà kẹ́à, ẹ sá fún un.

Nílé níbí, ètò NSQ, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2013, tí NBTE ń bójú tó, ní àyè fún ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láti wá fi ohun tó mọ̀ hàn kó sì gbàwé. Kò sọ auxiliary di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, yunifásítì nìkan la máa ń rò. Èmi náà wà ní yunifásítì, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ owó fọ́ọ̀mù WAEC lè gbé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wọ CHEW tàbí NCE, ju ohun tí ó ń ṣe fún irú mi lọ.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ Ìgbàyè tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tàbí iléèwé jéléósinmi láìní ìwé tí ìjọba mọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa níkọ̀kọ̀, kì í ṣe sójú gúrúùpù, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì rí ìwé Grade Three tàbí Grade Two bàbá rẹ̀ nínú àpótí, kó yà á ní fọ́tò fún wa kó tó di jíjẹ ikán.

Ẹ̀gbọ́n mi ti forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Bayọ́lọ́jì àti ìṣirò ló ń dà á láàmú, alẹ́ ló sì máa ń ráyè. Mo ń wá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì tó lè fún un ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀.